Ọmú Òwú

Pàkúté Fálùyí ló ké lóru,
pàkà! nídìí òkìtì ẹní.
Ilẹ̀ mọ́, ó ju ìyá eku sí ẹ̀yìnkùlé,
ó ń súfèé lọ sóko.
Èmi ni mo tú ẹní ìran tí a ká sílẹ̀ de ọjà Ògòtún,
tí mo bá wọn níbẹ̀, mẹ́rin,
pupa bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun,
ojú dì, irun ò sí,
etí lẹ̀ mọ́ orí bí ti ẹni tó kọ̀ láti gbọ́rọ̀.
Mẹ́ta ti tutù.
Ìkẹrin ń mí.

Mo mọ ohun tí eku jẹ́.
Eku ló jẹ ìwé mẹ́wàá mi,
tó ṣẹ́ èdìdì ìjọba nìkan kù sílẹ̀.
Eku ló bá wa pín iṣu èṣí láìsọ fún wa.
Síbẹ̀ mo fi òwú wé e,
mo rọ omi gbígbóná sínú ìgò sìnáàpù,
mo fi gèlè tó ti gbó dì í,
torí ọyẹ́ orí òkè wa
kì í bá ọmọ oníhòòhò ṣeré.

Olúníyì oníkẹ́míìsì bi mí pé
ọmọ ta ni mo fẹ́ fi dírọ́pà bọ́.
Mo ní ọmọ ilé wa ni.
Irọ́ kọ́.
Dírọ́pà tóbi jù fún un, wàrà gba imú rẹ̀ jáde.
Ni mo bá lọ́ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú fìtílà,
mo rì í sínú wàrà agolo tí mo fi omi là,
ó sì mu ún,
ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọmú òwú mú,
ọwọ́ tí kò tó ààbọ̀ hóró ìrẹsì.

Wákàtí méjì-méjì.
Kí àkùkọ tó kọ, mo ti jí lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo ń fi òwú tútù nu ìdí rẹ̀ kó lè tọ̀.
Ahọ́n ni ìyá rẹ̀ ì bá fi ṣe é.
Èmi ò lè fi ahọ́n ṣe é.
Ibi tí mo mọ nìyẹn.

Yèyé ń wò mí láti orí àga.
Eyín Yèyé ti lọ, ojú rẹ̀ ń múra àtilọ,
èmi ni mo ń fi ṣíbí fún un ní ògì.
“Nínú ulé yìí,” ó ní, “àwa méjì lo ń tọ́.
Èwo ni yóò kọ́kọ́ dá jẹun?”
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán,
ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.
Wọn ò sọ bí ó ti ń rí lẹ́nu òkété.

Ọjọ́ kọkànlá lọ́wọ́ mi, ojú kan là,
kò ju ihò abẹ́rẹ́, dúdú, ó ń dán.
Èmi ni ohun àkọ́kọ́ tó rí láyé,
ojú sì tì mí:
n ò tíì bọ́jú.

Abiyamọ a máa fi ewúro pa orí ọmú
bí ó bá fẹ́ já a gbà lẹ́nu ọmọ.
Èmi ń kọ́? Kí n fi ewúro pa òwú?
Mo kàn bu èérún iṣu sísè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
àti ẹ̀pà tí mo ti fi eyín rún,
mo sì ń pẹ́ kí n tó gbé òwú dé.
Lọ́jọ́ kìíní ó sùn lórí iṣu.
Lọ́jọ́ kejì ó tọ̀ sí i.
Lọ́jọ́ kẹta mo gbọ́ ọ lóru,
kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́,
ariwo tí mo ti ń bú láti kékeré,
mo jókòó nínú òkùnkùn, mo ń rẹ́rìn-ín
bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn.

Mo gbé e lọ sẹ́bàá òkúta lẹ́yìn odò ìran,
ibi tí Fálùyí kì í dẹ nǹkan sí.
Ó gbóòórùn afẹ́fẹ́. Ó wọ koríko.
Kò bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ihò kan wà
létí ẹní tuntun, róbótó, kò ju tọ́rọ́ kan lọ.
N ò lè búra pé òun ni.
Mo ká ẹní náà, mo yí ihò sínú,
kí Fálùyí tó ti oko dé.